Ẹ Bi Ìyá Nọ́ọ̀sì: Ṣé Ẹja Ni Àbí Ẹran, Kí Ló Dé Tẹ́ ẹ Ò Fọwọ́ Kàn Án?

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn tó ka ìwé ìròyìn wa tó jáde kọjá á rántí pé mo sọ díẹ̀ nípa ìrìn àjò tí mo lọ sí California lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin tó bímọ, pé lọ́jọ́ Sátidé kan, àwa mẹ́rìnlá, àwọn ọmọ Kwara tó ń gbé lágbègbè ibẹ̀ àtàwa ìyá tá a wá wẹ ọmọ, a háyà bọ́ọ̀sì kékeré kan, a gun afárá Golden Gate kọjá láti San Francisco, a sì lọ sí ọsibítù àwọn ẹranko inú òkun bíi seal àti sea lion, tó wà ní Sausalito, tí wọ́n ń pè ní The Marine Mammal Center. Ìpínrọ̀ méjì péré ni mo fi sọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé ó máa mú yín lọ́kàn tó báyìí. Lẹ́tà àti WhatsApp tó ti wọlé látìgbà yẹn, pàápàá látọ̀dọ̀ àwọn èèyàn Kwara South àti Ìlọrin níbí, pọ̀ débi pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo fẹ́ kọ, mo ti sún un síwájú. Ẹ jẹ́ ká mú díẹ̀ níbẹ̀.

*Ẹ káàárọ̀ mà. Tíṣà ni mí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan l'Ómù-Àrán. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ sétí àwọn ọmọ kíláàsì mi, àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní ẹja ni seal, torí inú omi ló ń gbé, àwọn kan ní ẹran ni, torí ẹ sọ pé ó ń fọ́mọ lọ́mú. Èwo ni ká gbà? Kí la sì máa pè é ní Yorùbá?*

Tíṣà mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ bá mi kí àwọn ọmọ yẹn. Àwọn tó ní ẹran ni ló jàre. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń gbé inú omi ló jẹ́ ẹja. Abẹ́ omi níbẹ̀ lẹja ti ń mí, ṣùgbọ́n àwọn ti mò ń sọ yìí, afẹ́fẹ́ tí èmi àtẹ̀yin ń mí ni wọ́n ń mí, tí wọn ò bá yọ imú sókè omi lásìkò, omi á pa wọ́n bó ṣe máa pa ewúrẹ́. Ara wọn gbóná, wọ́n nírun lára, ọmọ ni wọ́n ń bí, wọn kì í yé ẹyin, ọmú ni wọ́n sì fi ń tọ́ ọmọ.

Ní ti orúkọ, ẹni tó bá ti ka Bíbélì Yorùbá àtijọ́ á ti pàdé "awọ seali" nínú ìwé Ẹ́kísódù, níbi tí wọ́n ti ń sọ ohun tí wọ́n fi bo àgọ́. A kàn máa ń kà á kọjá ni, a kì í bi ara wa pé kí ni seali. Òun rèé. Ẹ máa pè é ní síìlì, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Whale ní tiẹ̀, àwọn baba wa etí òkun ti sọ ọ́ lórúkọ látijọ́, àbùùbùtán, ẹran tí wọ́n ń bù, tí wọ́n ń bù, tí kò ṣeé bù tán. Èyí tá a rí jù lọ́jọ́ yẹn ni kìnìún òkun, ìyẹn sea lion, ó sún mọ́ síìlì ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ wo etí. Kìnìún òkun ní etí kékeré tó yọ síta, ó sì lè fi lẹbẹ rẹ̀ dìde kó máa rìn lórí ilẹ̀, ó ń gbó bí ajá. Síìlì, ihò lásán ló wà níbi etí ẹ̀, tó bá gun orí iyanrìn àyà ló fi ń wọ́, bí ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n rá. Wọ́n tún ní ẹ̀yà síìlì kan tí wọ́n fi imú sọ lórúkọ, elephant seal, akọ rẹ̀ tó bá dàgbà, imú ẹ̀ á wú á rọ̀ sílẹ̀ bíi ti erin, ó sì lè wúwo ju 2,000 kilo lọ, àpò sìmẹ́ńtì 40 nìyẹn.

Ẹ tún sọ èyí fún àwọn ọmọ, ó máa dùn mọ́ wọn. Erinmi tá a fi erin pè, kì í ṣe ìbátan erin, àbùùbùtán gan-an ni ìbátan tó sún mọ́ ọn jù. Ẹran omi tó jẹ́ ìbátan erin lóòótọ́ ni mánátì, ó sì wà nínú odò tiwa níbí, mò ń bọ̀ lórí ẹ̀ nísàlẹ̀.

Àwọn tó ju mẹ́ta lọ ní Ìlọrin tún béèrè bóyá jíjẹ ẹ̀ tọ́ tàbí kò tọ́. Ìyẹn, àáfà yín lẹ máa bi, èmi kì í dá sí fátúwà.

*Àǹtí, ẹ má bínú o, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú. Ẹran tó ń ṣàìsàn ni wọ́n gbé sí ọsibítù, tí wọ́n gbà fún un ní dọ́kítà, tí wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Ọmọ àbúrò mi kú lọ́dún tó kọjá torí a ò rí bẹ́ẹ̀dì. Kí ló kàn wá kan kìnìún òkun? — Láti Ọjà-Ọba, Ìlọrin.*

Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ ọmọ náà, á fún ìyá àti bàbá ẹ̀ ní sùúrù tó le. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn. Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, mo mọ ohun tí à ń pè ní kò sí bẹ́ẹ̀dì, mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù tí mo ń sọ fún èèyàn pé kí wọ́n gbé aláìsàn lọ síbòmíì, mo sì mọ̀ pé òru ni, kò síbòmíì. Nítorí náà mi ò ní sọ fún yín pé ẹ ò láàánú. Ìbínú yín tọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé owó ọsibítù èèyàn kọ́ ni wọ́n gbé fún ẹranko níbẹ̀. Lọ́dún 1975 làwọn èèyàn mẹ́ta kan dá a sílẹ̀, lórí ilẹ̀ tí àwọn sójà ti ń tọ́jú misáìlì nígbà kan, ọrẹ tí àwọn èèyàn ń dá ló ń gbé e ró jù, ó sì lé ní 1,000 èèyàn tó ń yọ̀ǹda ara wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ìyá kan tó ń fọ abọ́ ẹja lọ́jọ́ tá a lọ sọ fún mi pé tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì lòun, gbogbo ọjọ́ Sátidé lòun ń wá.

Ìkejì ni pé ẹranko yẹn ń bá èèyàn tọ́ oúnjẹ inú òkun wò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọ̀kan wà nínú àgọ́ tó kángun sọ́wọ́ ọ̀tún, abo kìnìún òkun, ara ẹ̀ ń dán, ó sanra dáadáa, kò sí egbò kankan lára ẹ̀. Ó kàn jókòó síbẹ̀ ó ń mi orí sọ́tùn-ún sósì, sọ́tùn-ún sósì, á wá gbójú sókè bí ìgbà tẹ́nì kan pè é látòkè, kò sì sẹ́ni tó pè é. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mélòó kan ni ètè ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọrùn ẹ̀ le, gbogbo ara wá ń fò sókè. Àwọn tó kù ń bi ara wọn pé kí ló ń ṣe é. Èmi ti mọ̀. Wárápá ni. Bó ṣe ń ṣe èèyàn náà ló ṣe ń ṣe é, mo dẹ̀ ń wá ẹni tó máa yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n.

Ohun tó fà á ni májèlé kan tí wọ́n ń pè ní domoic acid. Àwọn ewé omi kan wà tó kéré tójú ò lè rí, tí wọ́n bá pọ̀ lápọ̀jù lójú òkun, wọ́n máa ń mú májèlé yìí jáde. Ẹja wẹ́wẹ́ bíi sadíìnì á jẹ ẹ́, kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ara wọn ni májèlé ń kóra jọ sí. Kìnìún òkun á wá jẹ ẹja yẹn, ọpọlọ ni májèlé ń lọ tààrà. Ọdún 1998 ni wọ́n tó mọ̀ pé òun ló ń pa kìnìún òkun ní California, kí wọ́n tó mọ̀ òkú ti kún etí òkun. Ẹ wá wò ó, májèlé kan náà yìí ló ti mú èèyàn ní Kánádà lọ́dún 1987, àwọn tó jẹ ìṣáwùrú òkun, ó lé ní 100 èèyàn tó ṣàìsàn, àwọn kan kú, àwọn míì yè é ṣùgbọ́n wọn ò lè rántí nǹkan mọ́. Nítorí náà tí kìnìún òkun bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n létí omi, àwọn aláṣẹ á ti mọ̀ pé ó yẹ káwọn yẹ ẹja àti ìṣáwùrú wò kó tó dé orí tábìlì ẹnikẹ́ni.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹ̀. Mo ń sọ fún yín pé mo dúró níbẹ̀, mo rí wárápá lójú ẹ̀, ohun tó ń ṣe aláìsàn tèmi ló ń ṣe é, mi ò sì rí bí mo ṣe máa ní kí wọ́n má tọ́jú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì tí ọmọ yẹn ò rí, ẹ jẹ́ ká jọ máa pariwo ẹ̀ fún àwọn tó yẹ kó gbọ́. Èmi náà ò ní dákẹ́ lórí ẹ̀.

*Ìyá wa, ẹ kú ìrìn o. Ọ̀rẹ́ mi kan wà lára àwọn mẹ́rìnlá tẹ́ ẹ jọ lọ, ó ní inú òun ò dùn, ó ní wọ́n mú yín rin gbogbo ọ̀nà yẹn, ẹ ò fọwọ́ kan ẹyọ kan, wọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ fún un lóúnjẹ, wọ́n tún ní kẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní òun rò pé wọ́n á jẹ́ káwọn bá a ya fọ́tò. Ṣé torí pé aláwọ̀ dúdú ni yín ni? — Ọ̀fà.*

Rárá o, ọmọ mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀. Òyìnbó tó wà nínú ẹgbẹ́ tó wọlé ṣáájú wa náà ò fọwọ́ kàn án. Òkè ni wọ́n ti ń jẹ́ kéèyàn wo àgọ́ wọn, àwọn ẹranko wà nísàlẹ̀ nínú àgọ́ onírin tó ní adágún omi kékeré láàárín. Mo mọ ẹni tó sọ ọ́ fún yín, ẹ̀gbọ́n tiwa ni, àánú ló ń ṣe é, ó ti kó ẹ̀pà sínú báàgì látilé pé òun máa fún wọn jẹ. Inú bí i lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ ká lo èdè tiwa láti fi yé ara wa. Ẹran ọ̀sìn wà, ẹranko sì wà. Ewúrẹ́, àgùntàn, adìyẹ, ẹran ọ̀sìn ni, tó bá mọ ohùn ẹ, tó ń tẹ̀ lé ẹ wọlé, o ti sin ín dáadáa nìyẹn. Ẹranko kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá mọ ohùn èèyàn, wàhálà ẹ̀ ti dé, torí inú òkun ló ń padà lọ. Tó bá ti kọ́ pé ọwọ́ èèyàn lẹja ti ń wá, ọjọ́ tí ebi bá pa á, ọkọ̀ apẹja ló máa lọ bá, inú àwọ̀n ló máa kú sí, tàbí kí ẹni tó ń bà lẹ́rù yìnbọn fún un. Gbogbo ìtọ́jú tí wọ́n ń fún un, wọ́n ń ṣe é kó má bàa mọ̀ wọ́n ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló yà mí lẹ́nu jù. Ní wọ́ọ̀dù tiwa, wọ́n kọ́ wa pé kí nọ́ọ̀sì pe aláìsàn lórúkọ, kó rẹ́rìn-ín sí i, kó dì í lọ́wọ́ mú. Níbí, òdìkejì ẹ̀ ni. Mo wo àwọn obìnrin méjì kan tó fẹ́ fún ọmọ elephant seal kan lóúnjẹ. Wọ́n gbé pátákó fẹ̀ǹfẹ̀ kan tó lọ́wọ́ níbi ìdìmú síwájú ara wọn, pátákó ni ọmọ yẹn ń rí, kò rí ojú wọn. Wọn ò bá a sọ̀rọ̀. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, orí ni wọ́n ń mì síra wọn. Ọ̀kan jókòó gẹ̀ẹ́gẹ̀ bò ó lẹ́yìn láìfi ìwúwo tẹ̀ ẹ́, ó di orí ẹ̀ mú, èkejì ki rọ́bà gígùn kan sí i lọ́nà ọ̀fun, ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá inú ikùn ló wọ̀ tàbí inú ẹ̀dọ̀fóró, bá a ṣe máa ń yẹ̀ ẹ́ wò gẹ́lẹ́ ní wọ́ọ̀dù, ó wá ń da oúnjẹ sí i díẹ̀díẹ̀. Ó parí, wọ́n yọ rọ́bà, wọ́n fi ẹ̀yìn rìn jáde, wọ́n ti géètì. Gbogbo ẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọmọ yẹn lá ètè, ó yíjú sógiri, ó sùn.

Ẹ fẹ́ mọ oúnjẹ tó jẹ? Ẹja ṣáwà. Ṣáwà tí ẹ mọ̀ yìí náà ni, kò yàtọ̀. Nígbà tá a kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná wọn, òórùn kóòdù rúùmù ọjà ló gbá mi nímú, páálí ẹja tó dì gbagidi, omi yìnyín tó ń ro sílẹ̀, mo rò pé mo wà ní Ìlọrin fún ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ń lọ ṣáwà nínú blẹ́ńdà ńlá, wọ́n á pò ó mọ́ omi, á kúnná bí ẹ̀kọ mímu, ìyẹn lọmọ tí kò tíì mọ ẹja jẹ ń mu. Tó bá lágbára díẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ẹja jíjẹ, wọ́n á so okùn mọ́ ìrù ẹja tútù, wọ́n á máa fà á nínú omi níwájú ẹ̀, títí á fi sáré tẹ̀ lé e, tí á fi gbé e mì. Ìyá ẹ̀ kì í kọ́ ọ nínú igbó náà, ẹ jọ̀ọ́, nínú òkun ni mo fẹ́ wí, ìyá elephant seal kì í bá ọmọ dúró ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ. Nígbà tí wọ́n bí i, ó tó bíi 35 kilo, wàrà ìyá ẹ̀ nípọn bí ọ̀rá, ó lé ní ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀rá pọ́nńbélé, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn ọmọ á ti lé ní 100 kilo, ìyá á bá bọ́ sómi, ó lọ nìyẹn, ọmọ á máa fi ọ̀rá ara ẹ̀ gbé títí á fi kọ́ ara ẹ̀. Àwọn tí ìjì gbá kúrò lára ìyá kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé ló ń dé ọsibítù, awọ lẹ́yìn egungun, pẹ̀lú ojú ńlá dúdú tó ń ṣomi.

Ojú yẹn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ, ìdí nìyí tí mo fi ń fa ọ̀rọ̀ yìí gùn. Ẹ̀yà síìlì kékeré kan wà, ìyá ẹ̀ máa ń fi í sílẹ̀ lórí iyanrìn nígbà tó bá lọ pẹja, á padà wá fún un lọ́mú. Èèyàn rere á máa kọjá lọ, á rí ọmọ tó ń ké, á ní wọ́n ti já a sílẹ̀, á gbé e sínú ọkọ̀. Ìyá dé, kò bá ọmọ. Àánú ló sọ ọ́ di ọmọ òrukàn. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe lọ́dún 1972 ti ka fífọwọ́ kan ẹranko òkun àti dídà wọ́n láàmú léèwọ̀, ohun tí wọ́n sì ń sọ fáwọn èèyàn ni pé kí wọ́n jìnnà sí i tó bíi 50 yáàdì, kí wọ́n pe àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ bá mi fi yé ọ̀rẹ́ yín pé mo lóye bó ṣe dùn ún tó. Èmi náà fẹ́ fọwọ́ pa ọmọ yẹn lórí. Bó bá jẹ́ pé wọ́n gbà mí láyè, èmi ló ń ṣe lóore, kì í ṣe òun.

Bí ara wọn bá ti yá, wọ́n á fi táàgì kékeré kan sí lẹbẹ wọn, wọ́n á fi àpótí gbé wọn lọ sétí òkun, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn. A ò débẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, fídíò ni wọ́n fi hàn wá. Ohun tí mo rí nínú fídíò yẹn ni pé kìnìún òkun mẹ́ta jáde, wọ́n wo omi, wọ́n sáré. Ìkankan nínú wọn ò wẹ̀yìn.

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa l'Ájàṣẹ́-Ìpo fẹ́ ṣe irú ìbẹ̀wò yẹn, a ò lówó Amẹ́ríkà o. Ṣé ibì kan wà nítòsí?*

Kò sí ọsibítù ẹranko òkun ní Kwara, ilẹ̀ la wà, òkun jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n ẹ lè lọ sí ọgbà ẹranko ti Yunifásítì Ìlọrin, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn ṣáájú, ẹ sọ iye tẹ́ ẹ jẹ́, ẹ ní kẹ́nì kan tó ń bọ́ àwọn ẹranko bá yín sọ̀rọ̀, ìyẹn ló máa dùn jù. Ẹ pín ara yín sí ọ̀nà méjì tẹ́ ẹ bá ju 20 lọ, ẹ má gbé spíkà dání, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ àwọn tó bá ń sọ̀kò sí ẹranko kí wọ́n lè ya fídíò ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀ látilé. A ò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tiwa, ọ̀pọ̀ ohun tó yẹ ká bi wọ́n, inú bọ́ọ̀sì la ti ń rántí ẹ̀.

*Màmá, mo kí yín láti Jẹ́bà. Ẹja ni mò ń tà, ọkọ mi ló ń pa á. Lóṣù tó kọjá nǹkan ńlá kan kó sínú àwọ̀n ẹ̀, ó ní ó dà bíi màlúù tí kò lẹ́sẹ̀, ẹnu ẹ̀ nírun ṣákáṣáká, ó ń mí hóóò. Ẹ̀rù bà á, ó gé àwọ̀n, ó jẹ́ kó lọ. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń fi í ṣẹ̀sín pé ó da owó nù. Nígbà tí mo ka tiyín ni mo ní kí n bi yín, kí ni ẹran yẹn, ṣé ó ṣe dáadáa àbí kò ṣe dáadáa?*

Ìyáwó apẹja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kúnlẹ̀ kí ọkọ yín. Ó ṣe dáadáa ju bó ṣe rò lọ. Mánátì ni, àwọn Hausa ń pè é ní ayu. Òun ni ìbátan erin tí mo ń sọ lókè. Láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Àngólà ló ń gbé, nínú odò Ọya ó sì dé Jẹ́bà àti Kainji lókè lọ́hùn-ún. Ó lè gùn tó mítà mẹ́ta, ó lè wúwo tó 450 kilo. Koríko àti ewé omi ló ń jẹ jù, tí omi bá kún ó máa ń wọ oko ìrẹsì, ó sì máa ń jẹ ẹja lára àwọ̀n nígbà míì, ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àtàwọn apẹja nìyẹn. Kò lè gé èèyàn jẹ. Bíi ìṣẹ́jú mélòó kan síra ló ń yọ imú gba afẹ́fẹ́, ohùn hóóò tí ọkọ yín gbọ́ nìyẹn. Tí àwọ̀n bá dè é mọ́lẹ̀, ó ń kú sínú omi tí wọ́n bí i sí.

Ó ń bímọ díẹ̀díẹ̀. Bíi ọdún kan ni oyún ẹ̀, ọmọ kan ló sì máa ń bí. Ẹ fi wé ẹja àrọ̀ tó ń yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin, ẹ máa rí i pé tí wọ́n bá pa ìyá mánátì kan, ó máa pẹ́ kí odò tó rí òmíì. Òfin Nàìjíríà tí wọ́n ṣe lọ́dún 1985 lórí àwọn ẹranko tó ń lọ sópin ti ka pípa àti títà ẹ̀ léèwọ̀, àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES náà ti fòfin de òwò ẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láti 2013. Nítorí náà àwọn tó ń fi ọkọ yín ṣẹ̀sín, ẹ sọ fún wọn pé owó tí wọ́n ń sọ yẹn, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bàbá mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Jẹ́bà níbẹ̀ yẹn, tí àwọn ọkùnrin fa ọ̀kan jáde sétí omi. Gbogbo wa sáré lọ wò ó. Abo ni. Abẹ́ apá ni ọmú rẹ̀ wà, níbi tí lẹbẹ ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ó fẹ́ gbé ọmọ mọ́ra, wàrà sì ń kán níbẹ̀ sórí iyanrìn, funfun báláú. Mo rántí pé obìnrin kan ní, "Ọmọ ẹ̀ dà?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, àwọn ọkùnrin ti ń pọ́n ọ̀bẹ. Wọ́n pín in kárí àdúgbò. Wọ́n gbé tiwa wá nínú abọ́ tánganran, mo sì jẹ níbẹ̀. Nígbà tí mo dúró lókè àgọ́ ní Sausalito tí mò ń wo ọmọ tí wọ́n ki rọ́bà sí lẹ́nu, wàrà yẹn ni mò ń rí, ìbéèrè obìnrin yẹn ni mò ń gbọ́.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe tó bá tún ṣẹlẹ̀ nìyí. Kí ọkọ yín kọ́kọ́ gbé imú ẹ̀ sókè omi, ìyẹn ṣáájú ohunkóhun. Kó gé àwọ̀n, kó má fà á, torí okùn tó bá fún mọ́ lẹbẹ lè jẹ ẹran wọnú egungun. Kó má so okùn mọ́ ọn nírù. Kó wo àyíká bóyá ọmọ ń bẹ nítòsí, tó bá wà, kó má yà wọ́n, kó jẹ́ kí méjèèjì lọ pọ̀. Tó bá gúnlẹ̀ sí ibi tí omi ti gbẹ, kẹ́ ẹ fi aṣọ tútù bò ó, kẹ́ ẹ má bo imú, kẹ́ ẹ ṣíji bò ó, kẹ́ ẹ lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn, kẹ́ ẹ ránṣẹ́ sí àwọn NESREA, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, tàbí àwọn elétò àyíká ìjọba ìpínlẹ̀. Kẹ́ ẹ má gbé e lọ sílé. Kẹ́ ẹ má wá adágún tẹ́ ẹ máa fi sìn ín. Àwọ̀n tí ọkọ yín gé, mo mọ̀ pé owó ni, mo ti bá olóòtú wa sọ ọ́, a máa dá owó díẹ̀ jọ níbí fún òmíì, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi bó ṣe tóbi tó àti irú okùn tó ń lò.

Ẹ tún ṣe nǹkan kan fún mi. Tó bá tún rí i tó yọjú, kó má sún mọ́ ọn, kó kàn wo aago, kó ka iye ìṣẹ́jú tó máa kọjá kó tó tún yọjú, kó sì wò ó bóyá èyí tó kéré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí mi.